Ìjàpá Alhaji Bùsàrí Ti Ń Mu Omi

Láàárọ̀ Sátidé kan, Alhaji Bùsàrí wa mọ́tò Ìjàpá rẹ̀, Fọ́kísíwágìn búlúù ọdún 1978, dé iwájú ṣọ́ọ̀bù rewáyà kan lẹ́yìn Iga Ìdúngànràn. Iwájú mọ́tò ń yọ èéfín bí ìkòkò tí wọ́n gbàgbé lórí iná, fáànù orí tábìlì kan sì wà níbẹ̀ tí wọ́n fi okùn so mọ́ bọ́ńpà. Ìyìnolúwa, ọmọbìnrin Èkìtì tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, gbé búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

ÌYÌNOLÚWA: Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Ta ló ń se nǹkan nínú mọ́tò yín?

ALHAJI: Káàárọ̀. Bá mi pe ọ̀gá rẹ.

ÌYÌNOLÚWA: Ọ̀gá ti dé.

ALHAJI: Ibo ló wà?

ÌYÌNOLÚWA: Ó dúró síwájú yín. Ó ń wo fáànù tẹ́ ẹ so mọ́ bọ́ńpà.

ALHAJI: Ìwọ! Ìwọ ni rewáyà? Ó dáa, kò burú. Gbogbo iṣẹ́ lobìnrin ń ṣe báyìí. Fáànù yẹn, èmi ni mo so ó. Kì í ṣe gbogbo nǹkan lèèyàn ń gbé lọ bá oníṣẹ́. Ọdún mọ́kàndínlógójì ni mo fi ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ní Marina. Kò sí ẹ́ńjìnnì tí mi ò mọ̀.

ÌYÌNOLÚWA: Ẹnjiníà lẹ ṣe níbẹ̀?

ALHAJI: Akọ̀wé. Ṣùgbọ́n fèrèsé ọ́fíìsì wa dojú kọ omi.

ÌYÌNOLÚWA: Mo ti gbọ́. Fáànù yìí ńkọ́, ibo ló ti ń rí iná?

ALHAJI: Èyí tó ń gba iná sára ni. Láti ilé, ó ń fẹ́ yẹ́ẹ́. Ó dé Ìdúmọ̀tà, ó kú.

ÌYÌNOLÚWA: Mọ́tò wá ńkọ́?

ALHAJI: Ó bá a kẹ́dùn, òun náà kú. Mo jókòó tì í títí ó fi jí.

ÌYÌNOLÚWA: Kí lẹ rò pé ó ń ṣe é?

ALHAJI: Èmi kì í rò, mo máa ń mọ̀ ni. Tẹ́tí sílẹ̀. Ìjàpá, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ẹ̀ wà. Àbí mo purọ́?

ÌYÌNOLÚWA: Ẹ ò purọ́.

ALHAJI: Èéfín ńkọ́? Iwájú ló ti ń jáde. Ìyẹn ni pé ẹ́ńjìnnì ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Kí ló wà níwájú? Bùùtù. Kí ni mo kó sí bùùtù? Ìrẹsì. Mo ti kó ìrẹsì kúrò, síbẹ̀ kò gbọ́.

Ìyìnolúwa ṣí iwájú mọ́tò. Èéfín gbá a lójú, ó fi apá nu ún, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ wò.

ÌYÌNOLÚWA: Bàbá, rédíétọ̀ rèé.

ALHAJI: Irọ́. Ìjàpá kì í ní rédíétọ̀. Atẹ́gùn ló fi ń tutù. Láti ọdún 1978 tí mo ti rà á, kò bèèrè omi lọ́wọ́ mi rí. Bí Ramadan bá dé, èmi àtòun la jọ máa ń gbààwẹ̀.

ÌYÌNOLÚWA: Ẹ́ńjìnnì tó ń bá yín gbààwẹ̀ yẹn, ṣé òun náà ló ṣì wà lẹ́yìn?

ALHAJI: Ìyẹn kú lọ́dún tó kọjá. Gbénga mẹkáníìkì bá mi fi ti mọ́tò Gọ́ọ̀fù rọ́pò ẹ̀. Ó ní ẹ́ńjìnnì ni ẹ́ńjìnnì.

ÌYÌNOLÚWA: Ti Gọ́ọ̀fù ń mu omi, Bàbá.

ALHAJI: Nínú mọ́tò mi?

ÌYÌNOLÚWA: Nínú mọ́tò ẹnikẹ́ni. Gbénga gbé rédíétọ̀ síbi bùùtù yín, ó fa rọ́bà gba abẹ́ mọ́tò lọ bá ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn. Ìyẹn dáa. Ohun tí kò dáa ni pé kò fi fáànù sí i. Bí ẹ bá ń sáré, ó lè fara dà á díẹ̀. Bí ẹ bá bọ́ sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ báyìí, ó máa hó ni.

ALHAJI: Abájọ tí ìrẹsì yẹn fi wú.

ÌYÌNOLÚWA: Ó yá, kí lẹ fẹ́?

ALHAJI: Mo fẹ́ ohun tó máa fẹ́.

ÌYÌNOLÚWA: Mo mọ̀ pé ohun tó máa fẹ́ lẹ fẹ́. Irú èwo? Ṣé ọ̀kan ńlá lẹ fẹ́, àbí kékeré méjì?

Alhaji wo òpópó náà sọ́tùn-ún, ó wò ó sósì. Ó sún mọ́ Ìyìnolúwa, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

ALHAJI: Ta ló sọ fún ọ?

ÌYÌNOLÚWA: Ta ló sọ kí ni fún mi?

ALHAJI: Ìsàlẹ̀ Èkó yìí! Èèyàn ò lè fi nǹkan pamọ́ síbí. Ó dáa, níwọ̀n ìgbà tó o ti gbọ́. Ọ̀kan ni. Ní ọjọ́ orí mi yìí, kí ni màá fi méjì ṣe?

ÌYÌNOLÚWA: Ọ̀kan náà ò burú. Kó ṣáà ti tóbi.

ALHAJI: Kò tóbi jù, kò kéré jù. Ó mọ níwọ̀n.

ÌYÌNOLÚWA: Tuntun ni àbí tòkunbọ̀?

ALHAJI: Ibo ni màá ti rí tuntun? Òun náà ti wà níbòmíràn rí.

ÌYÌNOLÚWA: Tòkunbọ̀ nìyẹn. Àwọn kan wà níbẹ̀ tó lágbára ju tuntun lọ, bí ẹni tó kọ́kọ́ ni ín bá tọ́jú ẹ̀.

ALHAJI: Ó tọ́jú ẹ̀ gan-an. Mo mọ ọkùnrin náà. Kí Ọlọ́run forí jì í.

ÌYÌNOLÚWA: Àmín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Ńlá máa ń pariwo.

ALHAJI: Ariwo ò dí mi lọ́wọ́. Ilé mi ti dákẹ́ jù.

ÌYÌNOLÚWA: Bó bá wá sú yín, kò le. Ẹ na ọwọ́ báyìí, ẹ pa á.

ALHAJI: Kí n pa á?

ÌYÌNOLÚWA: Ẹ pa á.

ALHAJI: Torí ariwo! Aúsù bílláhi! Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń ṣe é l'Ékìtì ni?

ÌYÌNOLÚWA: Níbi gbogbo ni, Bàbá. Bí wọ́n bá ti délé, wọn á pa á.

ALHAJI: Ọmọbìnrin yìí, ta ló bí ọ?

ÌYÌNOLÚWA: Bó bá jẹ́ pé pípa lẹ ò fẹ́, ẹ mú méjì nígbà yẹn. Bí ọ̀kan bá kú, ìkejì á máa bá iṣẹ́ lọ.

ALHAJI: Má ṣe dárúkọ ikú fún mi. Ọ̀kan ti kú lọ́wọ́ mi rí. Ọdún mẹ́fà rèé, mi ò tíì gbàgbé.

ÌYÌNOLÚWA: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé ó pẹ́ lọ́wọ́ yín kó tó kú?

ALHAJI: Ọdún mọ́kànlélógójì.

ÌYÌNOLÚWA: Ọdún mọ́kànlélógójì! Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló tà á fún yín?

ALHAJI: Tà á kẹ̀? Bàbá ẹ̀ ló fà á lé mi lọ́wọ́, ní Ìta-Fàájì, níṣojú àwọn lèmọ́mù!

ÌYÌNOLÚWA: Wọ́n kó lèmọ́mù jọ nítorí fáànù?

ALHAJI: Fáànù wo? Ta ló ń sọ̀rọ̀ fáànù?

Wọ́n wo ara wọn. Ìyìnolúwa fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti jáde kí ọwọ́ tó débẹ̀. Ó jókòó sórí táyà kan, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

ÌYÌNOLÚWA: Bàbá! Ìyàwó lẹ̀ ń wí láti àárọ̀!

ALHAJI: Ìwọ lo bi mí pé ọ̀kan tàbí méjì ni mo fẹ́ fẹ́!

ÌYÌNOLÚWA: Mo ní kẹ́ ẹ pa á!

ALHAJI: O sì tún ní tòkunbọ̀ ni! (Ẹ̀rín mú òun náà, ó gbìyànjú láti gbé e mì.) Bí Àdìjátù bá gbọ́, a gbé.

ÌYÌNOLÚWA: Ta ni Àdìjátù?

ALHAJI: (Ó jókòó ti Ìyìnolúwa lórí táyà kejì.) Alhaja ni, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ọbaléńdé ló ń gbé. Ọ̀rẹ́ mi ni ọkọ ẹ̀ tó kú. Láti ìgbà tí ìyá àwọn ọmọ mi ti lọ, rédíò nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀ nílé, kì í sì í dúró gbọ́ èsì. Àdìjátù máa ń gbọ́ èsì. Bó bá bi ọ́ ní ìbéèrè, á dákẹ́, á wò ọ́ lójú, títí wàá fi dáhùn.

ÌYÌNOLÚWA: Ẹ ti wá sọ fún un?

ALHAJI: Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbé e jáde kí n lè sọ fún un. Ti àkọ́kọ́, lórí afárá Èkó, mo ní, "Àdìjátù, ọ̀rọ̀ kan wà." Mọ́tò hó. Ẹ̀ẹ̀kejì, ní Òkè-Àrín, mo ní, "Àdìjátù." Mi ò tíì dé orí ọ̀rọ̀ tó fi hó. Gbogbo atíkè ojú ẹ̀ ló ṣàn dé ọrùn. Ó bọ́ọ́lẹ̀, ó ní, "Bùsàrí, bí mo bá tún fẹsẹ̀ rìn délé lẹ́ẹ̀kẹta nítorí mọ́tò rẹ, má wá ibi tí mo wà mọ́." Aago mẹ́rin òní lẹ̀ẹ̀kẹta náà.

Ìyìnolúwa nu ojú, ó dìde. Ó já fáànù orí tábìlì kúrò ní bọ́ńpà, ó gbé e lé Alhaji lọ́wọ́. Ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó ń tú àwọn fáànù mọ́tò tó so kọ́ sára ògiri.

ÌYÌNOLÚWA: Rédíétọ̀ tí Gbénga fi síbẹ̀ ò fẹ̀. Kékeré méjì ò ní gba ibẹ̀. Ọ̀kan ńlá ni a máa lò.

ALHAJI: Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ tipẹ́.

ÌYÌNOLÚWA: Ẹ sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ Alhaja lẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ẹ̀. Nǹkan kan ló kù. Iwájú mọ́tò yín dí pátápátá. Bí mo bá fi fáànù mẹ́wàá síbẹ̀, kò sí atẹ́gùn tí wọ́n máa rí fà. Màá ṣí abẹ́ ẹ̀ kí ooru lè rọ́nà jáde, màá sì la imú ẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé.

ALHAJI: La kí ni?

ÌYÌNOLÚWA: Imú. Mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì.

Alhaji fò dìde, ó na apá méjèèjì, ó fi ara bo iwájú mọ́tò náà.

ALHAJI: O fẹ́ kọlà fún mọ́tò mi!

ÌYÌNOLÚWA: Ihò ni, Bàbá.

ALHAJI: Mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì, kí là ń pe ìyẹn bí kò ṣe pélé? Ọmọ Èkó ni mọ́tò yìí. A kì í kọlà nílé wa.

ÌYÌNOLÚWA: Ó lè jẹ́ ọ̀kan gígùn lápá kọ̀ọ̀kan.

ALHAJI: Oǹdó nìyẹn!

ÌYÌNOLÚWA: Ẹ jẹ́ ká fi mẹ́rin-mẹ́rin dùbúlẹ̀ nígbà náà.

ALHAJI: Àbàjà! Kí wọ́n máa bi mí bóyá Ọ̀yọ́ ni mo ti rà á! Rárá o. Má fọwọ́ kàn án.

ÌYÌNOLÚWA: Bàbá, ojú mọ́tò lẹ fẹ́ kí n tọ́jú, àbí atíkè ojú Alhaja?

Alhaji wo mọ́tò náà pẹ́. Ó fi ọwọ́ pa imú rẹ̀ lára bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Lẹ́yìn náà ó yà kúrò lójú ọ̀nà.

ALHAJI: Pélé. Kó tín-ín-rín. Bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè, màá ní ilé ìyá ẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́.

Ẹ̀rọ ìgérin bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Alhaji kọ̀yìn sí i, ó ti ìka bọ etí méjèèjì.

ALHAJI: Ó ń ké!

ÌYÌNOLÚWA: Irin ni, Bàbá.

ALHAJI: Ṣe é wéréwéré! Ṣé o ní omi ìgbín tó o máa fi sí i?

ÌYÌNOLÚWA: Ọ̀dà ni mo ní.

Nígbà tó fi máa kùn ún tán, oòrùn ti dé àárín òkè. Ó gbé fáànù ńlá náà sí ẹ̀yìn rédíétọ̀, ó dè é mọ́lẹ̀, ó na wáyà méjì jáde, pupa kan, dúdú kan. Alhaji, tó ti gbàgbé ẹkún mọ́tò rẹ̀, súnmọ́ ọn.

ALHAJI: Dúró. Wáyà pupa yẹn, ibi dúdú ni kó o so ó mọ́.

ÌYÌNOLÚWA: Bí mo bá so ó bẹ́ẹ̀, òdìkejì ló máa yí sí. Á máa fẹ́ síta dípò kó máa fa atẹ́gùn wọlé.

ALHAJI: Síta náà ló yẹ kó máa fẹ́! Kí la fẹ́ ṣe? Ooru la fẹ́ lé jáde. Ṣé wọ́n ń lé olè wọlé ni?

ÌYÌNOLÚWA: Mọ́tò ń lọ síwájú, Bàbá. Atẹ́gùn ń bọ̀ láti iwájú. Bí fáànù náà bá ń fẹ́ síwájú, àwọn méjèèjì á pàdé lẹ́nu ọ̀nà, wọn á máa jà. Ẹ́ńjìnnì ló máa gba ìyà ẹ̀.

ALHAJI: Mo rí i lórí Wásáàpù. Ṣe bí mo ṣe wí.

ÌYÌNOLÚWA: Kò burú. Ẹ ṣí fìlà yín, ẹ mú un síwájú ihò wọ̀nyẹn. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, fáànù ń fà á nìyẹn. Bí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, a ó rí i.

Ó so wáyà bí Alhaji ṣe wí. Fáànù bú. Fìlà já gbà lọ́wọ́ Alhaji, ó fò sókè, ó sì gba orí ògiri ilé kejì kọjá.

ALHAJI: (Orí rẹ̀ ń dán nínú oòrùn.) Ó lágbára o.

ÌYÌNOLÚWA: Ó lágbára síbi tí kò yẹ.

ALHAJI: Ilé ta nìyẹn?

ÌYÌNOLÚWA: Ilé ìyá kan tó ń sin ewúrẹ́.

Ewúrẹ́ kan ké "mẹ̀ẹ̀ẹ̀" lẹ́yìn ògiri, ó sì dákẹ́ lójijì, bí ẹni tí nǹkan wọ̀ lẹ́nu.

ALHAJI: Sáré, lọ bá mi gbà á!

ÌYÌNOLÚWA: Ẹ fi sílẹ̀ fún un, Bàbá. Ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ó yí wáyà padà. Alhaji fa áńkáṣíìfù yọ lápò, ó di igun rẹ̀ kan mú dáadáa. Fáànù bú lẹ́ẹ̀kejì. Áńkáṣíìfù fò mọ́ imú mọ́tò, ó lẹ̀ pẹ́kípẹ́kí mọ́ ilà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

ALHAJI: Ó fà á! Ìyìnolúwa, ó fà á!

ÌYÌNOLÚWA: Ẹ ti mọ orúkọ mi?

ALHAJI: Mo kà á lára ògiri ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀. Mo kàn ń wo ọwọ́ rẹ ná ni.

ÌYÌNOLÚWA: Ẹ ṣé. Ó ku súìṣì. Ṣé ẹ fẹ́ èyí tẹ́ ẹ máa fi ọwọ́ tẹ̀, àbí èyí tó máa ń tan ara ẹ̀ bí omi bá ti gbóná?

ALHAJI: Fọwọ́tẹ̀! Kò sí ohun tó máa dá nǹkan ṣe nínú mọ́tò mi láìgbàṣẹ.

ÌYÌNOLÚWA: Ó dáa. Alhaja ti jókòó tì yín. Ẹ ti ní, "Àdìjátù, ọ̀rọ̀ kan wà." Ó ti dákẹ́, ó ń wò yín lójú. Ṣé ẹ máa rántí súìṣì?

ALHAJI: (Ó di ojú, ó rò ó wò. Òógùn bọ́ níwájú orí rẹ̀.) Fi èyí tó ń dá ṣe é sí i.

Ní nǹkan bí aago mẹ́ta, wọ́n gbé mọ́tò jáde láti dán an wò. Alhaji ló ń wà á, Ìyìnolúwa jókòó tì í. Wọ́n gba Ìdúmọ̀tà, láàárín àwọn alábàrù àti àwọn tó ń pàtẹ ọjà sójú títì, níbi tí ìgbín ti lè ya mọ́tò sílẹ̀. Fáànù tan ara rẹ̀, ó fẹ́, ó pa ara rẹ̀, ó tún tàn. Mọ́tò ò hó. Wọ́n jáde sí Marina, Alhaji sì ya sí ẹ̀gbẹ́ títì nítòsí CMS, ó dúró, ó fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́.

ALHAJI: Ọwọ́ géèjì ooru tó o fi síbẹ̀ ò kúrò láàárín. Ó ti bàjẹ́.

ÌYÌNOLÚWA: Kò bàjẹ́. Mọ́tò yín ló tutù.

ALHAJI: Jẹ́ ká padà sí ṣọ́ọ̀bù, kó o tún un yẹ̀ wò.

ÌYÌNOLÚWA: Kí n yẹ kí ni wò? Ọbaléńdé rèé níwájú. Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́rin lù.

ALHAJI: Táyà ẹ̀yìn yẹn ńkọ́?

ÌYÌNOLÚWA: Ó le.

ALHAJI: Bíréékì?

ÌYÌNOLÚWA: Ó mú. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi dúró ni.

ALHAJI: Ó dà bí ẹni pé òjò máa rọ̀.

ÌYÌNOLÚWA: Bàbá, ẹ wo ojú ọ̀run.

Alhaji wò ó. Kò sí ìkùukùu kan níbẹ̀. Ó di ọwọ́ ìwakọ̀ mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

ALHAJI: Dákẹ́! O ò gbọ́?

ÌYÌNOLÚWA: Mi ò gbọ́ nǹkan kan.

ALHAJI: Nǹkan ń lu. Gbì, gbì, gbì. Ẹ́ńjìnnì Gbénga yẹn ni. Mo mọ ohùn ẹ́ńjìnnì tó fẹ́ kú.

Ìyìnolúwa tẹ́tí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́, ó pa mọ́tò. Gbogbo inú mọ́tò pa lọ́lọ́.

ALHAJI: Ṣé o rí i! O ti pa á, ó ṣì ń lu!

ÌYÌNOLÚWA: Bàbá, ẹ gbé ọwọ́ lé àyà yín.

Alhaji gbé e lé e.

ALHAJI: Ibẹ̀ náà ni.

Ìyìnolúwa ṣílẹ̀kùn, ó bọ́ọ́lẹ̀, ó rọra pa á dé.

ALHAJI: Ibo lò ń lọ? Ṣebí rewáyà ni ọ́? Wá tún un ṣe!

ÌYÌNOLÚWA: Ọwọ́ mi ò tó ìyẹn, Bàbá. Ọbaléńdé ni wọ́n ti ń tún un ṣe.